Iṣẹ́ abẹ fún sísanra jù lábẹ́ NHS: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwa tí a wà ní Ìlú Ọba

Ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bi mí ló pọ̀ jù níbí: lẹ́yìn ìsìn, nídìí ìkòkò ọbẹ̀ níbi ìkómọjáde, tàbí lórí WhatsApp, tí wọ́n á ní kí n pa á rẹ́ bí mo bá ti gbọ́ ọ tán. England ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé, nítorí náà ìlànà ti England ni mo tẹ̀ lé jù. Ọ̀rọ̀ Scotland, Wales àti Àríwá Ireland wà nísàlẹ̀.

Ṣé lóòótọ́ ni NHS ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́?

Lóòótọ́ ni. Ẹni tó bá ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba níbí, kì í san kọ́bọ̀ fún iṣẹ́ abẹ náà, fún ibùsùn tó sùn sí, tàbí fún àwọn àpọ́ínmẹ́ǹtì tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e. Owó kọ́ ni wàhálà ibẹ̀, àyè ni. Àwọn tó yẹ fún un pọ̀ fíìfíì ju àwọn tó ń rí i ṣe lọ́dọọdún lọ, ẹni tí kò bá sì mọ ohun tó yẹ kó béèrè sábà máa ń já sílẹ̀ lójú ọ̀nà kó tó fojú kan oníṣẹ́ abẹ.

Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an nínú ikùn?

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní sleeve ni pé kí wọ́n gé èyí tó pọ̀ jù nínú àpò oúnjẹ kúrò pátápátá, kí ohun tó kù rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èyí tí wọ́n gé dànù kò ní padà hù mọ́. Èkejì ni bypass: wọ́n á ya àpò kékeré kan sọ́tọ̀ lókè, wọ́n á sì so ó mọ́ ìfun nísàlẹ̀, kí oúnjẹ lè fo apá kan nínú ọ̀nà tó máa ń gbà tẹ́lẹ̀. Ẹ lè gbọ́ nípa band náà, ìyẹn òrùka tí wọ́n fi ń fún àpò oúnjẹ lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ mọ́ bíi ti àtijọ́.

Ihò kéékèèké ni wọ́n ń gbà wọlé, pẹ̀lú kámẹ́rà, kì í ṣe pé wọ́n á la ikùn gbuurugbu. Ọ̀pọ̀ èèyàn á sun oorun ọjọ́ kan sí mẹ́ta níbẹ̀. Kì í sì í ṣe kíkéré tí àpò oúnjẹ kéré nìkan ló ń ṣiṣẹ́: omi ara tó ń sọ fún ọpọlọ pé ebi ń pani tàbí pé a ti yó náà máa ń yí padà. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ fífa ọ̀rá jáde lábẹ́ awọ tí àwọn òṣèré ń ṣe. Ìyẹn kì í wo àtọ̀gbẹ.

Báwo ni mo ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó kí n tó yẹ fún un?

BMI ni wọ́n ń wò, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi ìwọ̀n ara wé gíga. Ẹ fi gíga yín ní mítà lọ́po ara rẹ̀, kí ẹ wá fi èsì rẹ̀ pín ìwọ̀n yín ní kílò. NICE, àjọ tó ń kọ ìlànà irú ìtọ́jú tó yẹ kí NHS pèsè, sọ pé kí wọ́n rán ẹni tí BMI rẹ̀ bá tó 40 lọ fún àyẹ̀wò. Bí ó bá wà láàárín 35 sí 39.9, ó gbọ́dọ̀ ní àìsàn tó lágbára tí jíjò, ìyẹn dídín ìwọ̀n ara kù, yóò mú dẹ̀ díẹ̀: àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn, ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀, tàbí èémí tó ń dúró lójú oorun.

Ibi tó kan àwa gan-an nìyí, tí mi ò sì tíì rí ẹni mẹ́wàá tó mọ̀ ọ́n. Ìlànà yẹn kan náà sọ pé fún ẹni tí ìdílé rẹ̀ bá ti ilẹ̀ adúláwọ̀ tàbí Caribbean wá, àti àwọn ará Éṣíà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn, kí dókítà gbé e yẹ̀ wò láti fi 2.5 dín nọ́ńbà náà kù. Ìdí ni pé àtọ̀gbẹ àti irú àìsàn bẹ́ẹ̀ máa ń mú wa nígbà tí ìwọ̀n wa kò tíì tó ti aláwọ̀ funfun. Nítorí náà, 37.5 dípò 40 ni tiwa, àti 32.5 dípò 35 fún ẹni tó ní àìsàn mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Obìnrin tó ga ní mítà 1.65 gbọ́dọ̀ wọn kílò 109 kí BMI rẹ̀ tó tó 40. Kílò 102 ti gbé e dé 37.5. Bí ó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, bíi kílò 88 àti ààbọ̀ ti tó láti béèrè. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 109 àti 88 kì í ṣe kékeré, ó lè jẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún tí ṣúgà fi ń ba ojú àti kídìnrín jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó kọ lẹ́tà.

Kò tíì pẹ́ tí wọ́n sọ fún mi pé mo ní àtọ̀gbẹ. Ṣé ó yàtọ̀?

Ó yàtọ̀ gan-an, ẹ má sì jáfara. Bí kò bá tíì ju ọdún mẹ́wàá lọ tí wọ́n rí àtọ̀gbẹ oríṣi kejì lára yín, ìlànà ní kí wọ́n yára yẹ̀ yín wò bí BMI bá tó 35, kódà wọ́n lè ro ti ẹni tó wà ní 30 sí 34.9. Ìdínkù 2.5 ṣì kan àwa níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí àtọ̀gbẹ bá ṣe tuntun tó ni iṣẹ́ abẹ ṣe máa ń lè lé e sẹ́yìn tó. Àwọn mìíràn kò lo oògùn ṣúgà mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó lè padà wá o, torí náà a kì í fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ, GP mi á ní kí n dín ẹ̀bà kù kí n sì máa rìn. Kí ni kí n ṣe?

Ìmọ̀ràn yẹn kò burú, àmọ́ kì í ṣe ìdáhùn sí ohun tí ẹ béèrè. Tẹ́lẹ̀, ìlànà sọ pé ènìyàn gbọ́dọ̀ ti gbìyànjú gbogbo ọ̀nà tó kù kí wọ́n tó lè sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò ní 2023, ìlànà tuntun tó jáde ní oṣù kìíní 2025 kò sì dá a padà. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà kan ṣì ń lo ti àtijọ́, àwọn agbègbè kan sì ní ìwé tiwọn tó le ju ti NICE lọ.

Ẹ sọ ọ́ tààrà: ẹ fẹ́ kí wọ́n kọ lẹ́tà rán yín lọ sí specialist weight management service, tí àwọn kan ń pè ní Tier 3, kí wọ́n lè wò ó bóyá iṣẹ́ abẹ yẹ yín. Ẹ lo orúkọ yẹn gan-an, nítorí bí ẹ bá kàn ní ẹ fẹ́ jò, ẹgbẹ́ eré ìdárayá ni wọ́n máa fi orúkọ yín sí. Ẹ sọ pé ẹ mọ̀ nípa 2.5. Lẹ́yìn náà, ẹ ka àìsàn yín sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: híhanrun tí ọkọ tàbí ìyàwó ń ráhùn sí, orúnkún tó ń dun yín lórí àtẹ̀gùn, nǹkan oṣù tí kò wá bó ṣe yẹ, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kí ẹ tó jáde nílé, torí ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn.

Ó ń dùn mí láti sọ èyí, ṣùgbọ́n ìtọ́ni ilé wa wà lára ohun tó ń pa wá lára níbí. Wọ́n kọ́ wa pé a kì í bá àgbà jiyàn, dókítà sì ni àgbà nínú yàrá yẹn. A ó dúpẹ́, a ó kí i ní "ẹ ṣeun, sà", a ó padà sílé. Ẹ lè bọ̀wọ̀ fún un kí ẹ sì dúró lórí ọ̀rọ̀ yín. Bí ó bá kọ̀, ẹ ní kó kọ ìdí rẹ̀ sínú fáìlì yín, kí ẹ sì wò ó nínú NHS App bóyá ó kọ ọ́. Ẹ lè rí dókítà mìíràn ní ibẹ̀ náà, ẹ lè kọ̀wé sí ọ̀gá tó ń bójú tó ibẹ̀, ẹ sì lè kọ̀wé sí ICB agbègbè yín, àwọn tó ń náwó sí ìtọ́jú náà.

Wọ́n ti kọ lẹ́tà. Ó tó ìgbà wo kí n tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ?

Ó pẹ́. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́kàn yín pé ó lè ju ọdún kan lọ. NHS ní ìlànà ọ̀sẹ̀ 18 láti ọjọ́ tí wọ́n ti rán yín lọ sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ibi kò lè bá a mọ́, àwọn agbègbè kan sì ti fìgbà kan dá gbígba orúkọ tuntun dúró nítorí èrò. Ẹ bi GP bóyá ẹ lè yan ilé ìwòsàn mìíràn. Ní England, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti yan ibi tí ẹ ti máa kọ́kọ́ rí oníṣẹ́ abẹ, bí ibẹ̀ tilẹ̀ jìnnà sí ilé.

Ohun kan tó ń já àwọn èèyàn wa sílẹ̀ jù lọ: ìrìn àjò. Ẹni tó lọ sin òkú nílé, tàbí tó lọ ṣọdún ní oṣù Kejìlá, á padà bá lẹ́tà àpọ́ínmẹ́ǹtì lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọjọ́ rẹ̀ á sì ti kọjá. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tí kò bá lọ tí kò sì pè, GP ni wọ́n máa dá orúkọ rẹ̀ padà sí, yóò tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó wọ bàálù. Bí ẹ bá kó lọ sí ilé mìíràn, ẹ sọ fún wọn.

Kí ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó gbà?

Onímọ̀ oúnjẹ, nọ́ọ̀sì, dókítà, oníṣẹ́ abẹ, àti ẹni tó mọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ènìyàn ni ẹ máa bá pàdé. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn máa ń ba àwọn kan lẹ́rù, wọ́n á ní, "Ṣé wọ́n rò pé orí mi dàrú ni?" Rárá o. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìbànújẹ́ ló ń mú yín jẹun, àti bóyá ẹ ní ẹni tó máa dúró tì yín lẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n lè yẹ oorun yín wò, wọ́n á sì ní kí ẹni tó ń mu sìgá jáwọ́. Ẹ sọ genotype yín fún wọn, pàápàá bí ẹ bá jẹ́ AS, SC tàbí SS, nítorí oògùn akunilóorun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àgbo pamọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń mu ún. Àwọn ewé kan máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn jù, àwọn kan ń yọ ẹ̀dọ̀ lẹ́nu, oníṣẹ́ abẹ kò sì ní rí i lójú yín bí ẹ kò bá wí.

Ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ṣáájú, wọ́n á fún yín ní oúnjẹ kan tí kò ní iṣu tàbí gàárì tàbí búrẹ́dì púpọ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń mú kéré, kí oníṣẹ́ abẹ lè rí àyè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá yọ́ jẹ ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ní àárín rẹ̀ lè dé orí tábìlì kí wọ́n tún dá a padà sílé.

Mi ò ní páálí ìlú yìí, físà ni mo fi ń gbé. Ṣé mo ní ẹ̀tọ́?

Bí ẹ bá san owó ìlera mọ́ físà yín, ẹ ní ẹ̀tọ́ bíi ti onílùú. Owó yẹn ti di £1,035 lọ́dún fún àgbàlagbà láti oṣù kejì 2024, £776 sì ni fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ ti sanwó, kí ló dé tí ẹ ṣì ń tijú?

Ṣé mo lè mú màmá mi wá láti Ìbàdàn kí wọ́n wá ṣe é fún un?

Físà àbẹ̀wò kò fúnni lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n á ní kí àlejò san ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún iye tó ń ná NHS, wọ́n sì máa ń gbà á ṣáájú bí kì í bá ṣe pàjáwìrì. Gbèsè tó bá tó £500 tí ẹnikẹ́ni kò san lè mú kí wọ́n kọ físà rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn aládàáni ní Èkó àti Àbújá ló ń ṣe é jù, àpò ara ẹni ló sì ń ti jáde. Kí ẹ lo owó bàálù màmá láti rí dókítà tó gbámúṣé níbẹ̀ sàn ju kí ẹ kó o wọ gbèsè níbí lọ.

Abẹ́rẹ́ Mounjaro tí gbogbo ayé ń gún ńkọ́? Ṣé kò ti rọ́pò iṣẹ́ abẹ?

Kò tíì rọ́pò rẹ̀. Láti oṣù kẹfà 2025 ni NHS England ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn èèyàn ní Mounjaro láti ọ̀dọ̀ GP, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni: ọdún 12 ni wọ́n fi pín in. Àwọn tó kọ́kọ́ lè rí i gbà ni ẹni tí BMI rẹ̀ tó 40 (37.5 fún wa) tó sì ní mẹ́rin nínú àìsàn márùn-ún: àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn, èémí tó ń dúró lójú oorun, àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá dá abẹ́rẹ́ dúró sábà máa ń sanra padà. Iṣẹ́ abẹ máa ń dín nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara kù, nígbà mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sì í tètè padà. Àwọn ilé ìwòsàn kan ń lo méjèèjì pọ̀. Èyí tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀ lórí Instagram, tàbí tí ẹnì kan gbé wá nínú àpò ìrìn àjò, ẹ má gún un.

Ó ti sú mi. Ṣé kí n gba Tọ́kì lọ?

Mi ò ní bú ẹni tó lọ, torí mo mọ ohun tó lé e lọ. Owó rẹ̀ kéré, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n á sì fún yín lọ́jọ́. Ibi tí ìṣòro wà ni ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ibi tí wọ́n rán bá ń jò, ẹ lè ti dé sílé ní Peckham kó tó fara hàn, oníṣẹ́ abẹ tó mọ ohun tó ṣe sì wà lókèèrè. NHS á gbà yín bí ó bá di pàjáwìrì. Ìtọ́jú ọdún méjì tó yẹ kó tẹ̀ lé iṣẹ́ abẹ, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti onímọ̀ oúnjẹ, ni ọ̀pọ̀ ibi kò ní fún yín. Àwọn ọmọ Ìlú Ọba kan ti kú lẹ́yìn irú ìrìn àjò yìí. Bí ẹ bá máa lọ náà, ẹ jókòó ti GP yín kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì gba ìwé iṣẹ́ abẹ lédè Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Ewu wo ló wà nínú rẹ̀?

Ikú kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró, ojú rírán lè jò. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, òkúta lè dàgbà nínú òróòro, irun lè máa já (ó sábà máa ń hù padà), àyà lè máa ta yín lẹ́yìn sleeve. Ẹni tó ṣe bypass tó wá mu ohun dídùn lè rí i tí òógùn bò ó, tí àyà rẹ̀ ń já, tí inú sì ń lọ́. Ẹni náà kò gbọ́dọ̀ máa ra ibuprofen jẹ fún ara ríro, ó ń dá ọgbẹ́ sílẹ̀ nínú.

Oúnjẹ wa ńkọ́? Ṣé mo ti dágbére fún iyán?

Fún ìgbà díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Omi àti ohun mímu ni ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà oúnjẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná, lẹ́yìn náà èyí tó rọ̀, ó sì máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ẹ tó padà sí oúnjẹ gidi. Ìwé tí ilé ìwòsàn máa fún yín kún fún oúnjẹ òyìnbó, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Ọbẹ̀ ẹja tí wọ́n lọ̀, ẹ̀wà tí wọ́n bó tí wọ́n sì sè rọ̀, mọ́ínmọ́ín tí kò ní epo púpọ̀, ẹyin, gbogbo rẹ̀ bá ohun tí wọ́n ń wá mu: ohun tó ń kọ́ ara ló yẹ kó ṣáájú. Ògì lásán kò tó, kò fi bẹ́ẹ̀ ní ohun tó ń kọ́ ara nínú. Ẹ po mílíìkì mọ́ ọn.

Òkèlè ni ìṣòro wa. Iyán, ẹ̀bà, fùfú máa ń lẹ̀, wọ́n sì máa ń há sí ọ̀nà tó ti kéré. A sì máa ń gbé òkèlè mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu, ohun tí àpò tuntun yẹn kò lè gbà rárá. Ẹran ògúfe tó yi àti ṣàkì náà wà lára ohun tó ń há. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn kan ń jẹ òkèlè mélòó kan pẹ̀lú ẹ̀fọ́ púpọ̀, àwọn kan kò tún fẹ́ rí i mọ́. Ẹ má mu omi mọ́ oúnjẹ. Ẹ dúró tó ìdajì wákàtí.

Ẹ kìlọ̀ fún ìyàwó ilé níbi àríyá kó tó bu oúnjẹ. Ẹni tó bá fẹ́ràn yín yóò bu àwo méjì.

Àwẹ̀ ńkọ́, ti Ràmàdáánì tàbí ti ìjọ?

Ẹ má gba àwẹ̀ gbígbẹ ní àwọn oṣù àkọ́kọ́, òùngbẹ nìkan lè dá yín padà sí ilé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ oníṣègùn máa ń ní kí ẹ dúró tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bi wọ́n, kí ẹ sì sọ fún àlùfáà tàbí pásítọ̀ yín pé àìlera ni. Ẹ̀sìn méjèèjì gba aláìsàn láyè.

Mo ṣì fẹ́ bímọ.

Ẹ dúró oṣù 12 sí 18. Ẹ mọ̀ pé jíjò máa ń mú kí oyún tètè dúró, kódà fún ẹni tó ti ń wá ọmọ tipẹ́. Lẹ́yìn bypass, oògùn oníhóró tí wọ́n ń lò fún ìfètòsọ́mọbíbí kò ṣeé gbára lé, ẹ béèrè ọ̀nà mìíràn.

Scotland, Wales, Àríwá Ireland?

Ó yàtọ̀ síra. Ní Wales, Swansea ni ojúkò iṣẹ́ abẹ náà, àyè rẹ̀ kò sì pọ̀. Ní Scotland, àjọ ìlera agbègbè kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu. Àríwá Ireland lo ọ̀pọ̀ ọdún láìní ẹ̀ka kan ní tirẹ̀ tó ń ṣe é.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe, mò ń gbé èèyàn. Ìgbà wo ni màá padà?

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó ń gbé nǹkan wúwo. Lẹ́yìn ọjọ́ méje àkọ́kọ́, ẹ gba fit note, ìyẹn ìwé dókítà fún ibi iṣẹ́, lọ́wọ́ ilé ìwòsàn. Kò pọn dandan kí irú iṣẹ́ abẹ tó jẹ́ wà lórí rẹ̀.

Mo ń gbèrò láti padà sílé lọ́jọ́ kan. Kí ni mo gbọ́dọ̀ mú dání?

Fítámì kì í tán láyé yín mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí: oníhóró ojoojúmọ́, kálísíọ̀mù pẹ̀lú fítámì D, irin, àti abẹ́rẹ́ B12 lóṣù mẹ́ta mẹ́ta fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ilé ìwòsàn á máa tọ́jú yín fún ọdún méjì ó kéré tán, lẹ́yìn náà GP ló yẹ kó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò lọ́dọọdún. Bí ẹ bá kó padà sí Òṣogbo tàbí Abẹ́òkúta, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa di ẹni tó ń rántí. Ẹ gba ẹ̀dà lẹ́tà tó sọ irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ẹ fi ọ̀kan sí fóònù, kí ẹ fi ọ̀kan lé ẹni tí ẹ jọ ń gbé lọ́wọ́, nítorí dókítà tó bá bá yín pàdé ní yàrá pàjáwìrì kò ní lè fojú lásán mọ̀ pé wọ́n ti tún ọ̀nà ìfun yín ṣe.